Ta Ló Ṣí Géètì Ìtẹ́ Òkú?

Saint Odile, Louisiana
9 Oṣù Kẹwàá, 2021

Janelle ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òjò Portland ṣì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbà á síṣẹ́? Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó lè lo ọdún mẹ́rin láì tẹ ilẹ̀ ìyá rẹ̀ kò yẹ ní kíkí. Ara mi le díẹ̀. Ikọ́ mi ò lọ, kò sì le sí i. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti di alájọgbé, ó kù ká jọ máa san owó iná.

Má tún pè mí lórí fóònù kó o wá máa sọ pé, "Mama, mo wà nípàdé, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Mo ti fi fóònù sílẹ̀ fún àwọn tó ní àsìkò. Ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ sínú ìwé, o ò lè gé e mọ́ mi lẹ́nu.

Parrain rẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ géètì ìtẹ́ òkú. Láti ọjọ́ tí Alcide ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọ lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi rẹ tó fi di Parrain, bàbá ìsàmì rẹ, títí di òní, n ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú tó kọ́kọ́rọ́ yẹn. Inú agolo kọfí ló fi sí lórí fíríìjì, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù. Ìyà ńlá sì ni, tó o bá rò ó. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà yìí ra oko ìrèké, wọ́n ra ìtẹ́ òkú wa tó wà láàárín rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi wáyà yí gbogbo rẹ̀ ká, àwa tá a ni òkú wá di ẹni tó ń tọrọ àyè. Ọjọ́ kan péré lọ́dún, Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, láti ìdájí títí di àṣálẹ́, ni wọ́n gbà ká wọlé ká kun ibojì wa lọ́dà, ká sì tan àbẹ́là. Parrain rẹ tó jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ ló máa ń tọwọ́ bọ̀wé pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn òun ni.

Wá sílé, Janelle. Wá kun ibojì bàbá rẹ. Lọ́dún tó kọjá èmi nìkan ni mo kùn ún, orúnkún mi ò dárí jì mí títí di Kérésì. Èédú tó ń bọ́ láti orí páìpù oníná ilé-iṣẹ́ yẹn ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ gọ́mbò, bàbá rẹ tí kì í wọ ẹ̀wù tí kò bá funfun.

Èwo wá ni ti àwọn èèyàn rẹ ní Portland, Ẹgbẹ́ Ayé Ń Jó tó ń bá èéfín jà? Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ buwọ́ lu ilé-iṣẹ́ kejì, mo ní kó o bá mi bẹ̀ wọ́n, kí díẹ̀ nínú wọn wá jókòó tì wá. Ìjókòó lásán! Àwọn onísúùtù ilé-iṣẹ́ kún iwájú, àwa arúgbó adúláwọ̀ wà lẹ́yìn bí ẹni wá gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. O ní àwọn èèyàn rẹ sọ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò lèyí, pé gbogbo ayé lápapọ̀ làwọn ń wò. Níbo ni èéfín gbogbo ayé ti ń jáde? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni? Wọn ò gbé irú páìpù yẹn sẹ́yìn ilé ìdáná àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù lókè odò. Ẹni tó bá ní òun ń bá èéfín jà, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n ń fún ní èéfín mu, kí gan-an ló ń bá jà? Bá mi bi wọ́n.

Ìyá rẹ,
Ozelia


Portland, Oregon
18 Oṣù Kẹwàá

Mama mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí yín, mo kí Parrain, mo kí ikọ́ yín náà níwọ̀n ìgbà tó ti di ará ilé. Ẹ má bínú sí mi, n ò ní lè wá. Níbi tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì yìí, èèyàn méjì ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá wa ò sì fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi ni n ó kun ibojì Dádì. Ẹ̀yin ó kàn jókòó lórí àga, ẹ ó máa bú mi pé mi ò kùn ún dé igun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun ayọ̀. Mo ka lẹ́tà yín sí wọn létí nípàdé. Brenna tó jẹ́ olórí wa sunkún, ó ní, "A ti dijú sí àwọn èèyàn yìí jù. Báwo la ṣe máa sọ pé à ń gba ayé là, tá ò mọ orúkọ àwọn tó ń kú sí i?" Mama, ọjọ́ tí mo ti ń retí nìyẹn. Èmi nìkan ni adúláwọ̀ nínú yàrá yẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti pinnu pé díẹ̀ nínú wọn máa wá sí Saint Odile lọ́jọ́ náà, láti bọ̀wọ̀ fún àwọn òkú wa. Mo ti kọ́ wọn bá a ṣe ń ṣe é: ẹ má wá lọ́wọ́ òfo, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè, ẹ má sì bẹ̀rù, torí lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì pé òkú ta ló wá wò. Wesley kan wà láàárín wọn, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Òun tilẹ̀ bi mí pé irú òdòdó wo ni kóun gbé wá, àti bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ fún mi. Wọn kì í ṣe èèyàn búburú, àìmọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú.

Ọmọ yín,
Janelle


Saint Odile
3 Oṣù Kọkànlá

Janelle,

N ò kí ọ.

Ilẹ̀ mọ́ wa dáadáa lọ́jọ́ náà. Parrain rẹ ṣí géètì ní ìdájí, ó wọ súùtù dúdú rẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ funfun ti Ẹgbẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ibojì bàbá rẹ tán, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, nígbà tí bọ́ọ̀sì kan dúró. Àwọn aláwọ̀ funfun bí ogún sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn gbé òdòdó dání. Mísì Leontine tí ilé rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tèmi wò wọ́n títí, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Òkú ta ni wọ́n ní níbí?"

Alcide yíjú sí i. "Leontine, ìwọ lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lónìí? Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa bi èèyàn léèrè òkú lẹ́nu géètì? Àwọn ìyá wa ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ló bá ṣí apá kejì géètì náà gbayawu. Ó ṣí àkẹtẹ̀, ó kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì, ó bu omi ọsàn fún wọn mu. Ọmọbìnrin kan ní, "Ẹ ṣeun, kọ́múréèdì." Alcide rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti pè mí ní oríṣiríṣi nílùú yìí o, àmọ́ ti ìyẹn tuntun."

Fèrè kan dún. Wọ́n ju òdòdó sílẹ̀, wọ́n bọ́ kóòtù, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun sábẹ́. Wọ́n wá dùbúlẹ̀ lórí ibojì wa. Lórí ibojì, Janelle! Wọ́n da omi pupa kan sára bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣàn sórí ọ̀dà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọkùnrin kan na gbalaja lórí bàbá rẹ, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń ṣe bí òkú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹni tó gbé kámẹ́rà sọ fún mi pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ ti dí wa lójú." Èmi! Nídìí ibojì ọkọ mi!

Àwọn mẹ́rin nínú wọn gba ẹ̀yìn ibojì kọjá, wọ́n gé wáyà tó wà láàárín wa àti ilé-iṣẹ́, wọ́n gun orí táǹkì ilé-iṣẹ́ lọ ta aṣọ gbọọrọ kan tí wọ́n kọ̀wé sí. Alcide ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, ó ń bẹ̀ wọ́n, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí wọn." Inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni ọlọ́pàá bá a. Wọ́n fẹsẹ̀ kọjá lára àwọn tó wà nílẹ̀, wọ́n lọ bá adúláwọ̀ tó wà lórí ìdúró. Wọ́n ní, "Ta ló ṣí géètì yìí?" Ó ní, "Èmi ni, sà." Kò purọ́ rí láyé rẹ̀, àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n tẹ ojú rẹ̀ mọ́ orí mọ́tò, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àkẹtẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Àwọn tìrẹ ńkọ́? Ọlọ́pàá fún wọn ní omi inú ọ̀rá, wọ́n kó wọn bí ẹni kó ẹyin, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìka tó ṣẹ̀ ti padà sílé rẹ̀, ọwọ́ tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n ní Parrain rẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣí géètì fún àwọn tó fẹ́ ba ibi pàtàkì jẹ́. Lábẹ́ òfin wọn, ìyẹn lè di ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ọdún márùn-ún, ní ọjọ́ orí rẹ̀! Pósí ni wọn ò dárúkọ.

Ohun kan péré ni kó o dá mi lóhùn. Ṣé o mọ̀ sí i?

Ozelia


Portland
10 Oṣù Kọkànlá

Mama mi,

N ò mọ̀ sí i. Mo fi Dádì búra. Òdòdó àti ọ̀wọ̀ ni wọ́n sọ fún mi. Brenna ní àwọn ò sọ fún mi kí ọkàn mi má bàa pín sí méjì. Mo pariwo lé e lórí débi pé àwọn ará òkè wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá jókòó sínú bálùwẹ̀, mo sunkún. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń dún ṣáá, ẹ ò gbé e.

Àmọ́, Mama, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Gbogbo èèyàn ló ti mọ orúkọ Parrain níbí. Ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu géètì, àkẹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, apá géètì méjèèjì ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe pósítà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: ALCIDE ṢÍ GÉÈTÌ FÚN ÒDODO. Ó wà lára ògiri kárí àárín ìlú, ó wà lára ẹ̀wù, àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù láti ibí dé òkè òkun. Brenna ní òkìkí ló máa dáàbò bò ó, pé ìjọba ò ní lè fọwọ́ kan ẹni tí gbogbo ayé ń wò. Èmi náà wọ ẹ̀wù náà lọ síbi iṣẹ́ lánàá. Orí mi wú, Mama, n ò ní purọ́. Kò tíì sí ìgbà tí mo rí ojú ẹnì kan láti Saint Odile lára ògiri nílùú yìí.

Mo fi ọ̀kan sínú àpò ìwé yìí. Ẹ fi han Parrain kó lè fún un lókun.

Ọmọ yín,
Janelle


Saint Odile
20 Oṣù Kọkànlá

Janelle,

Mo gbà gbọ́ pé o ò mọ̀. Ìyẹn ò dín ohun tó ń ṣe mí kù.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo ti rí pósítà yẹn. Kọ́ọ̀tù ni mo ti rí i. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ bóyá Parrain rẹ lè máa gbé ilé títí di ọjọ́ ẹjọ́, a wọ ìbọ̀wọ́ funfun wa lọ, gbogbo Ẹgbẹ́. Lọ́yà ìjọba dìde, ó fa bébà kan yọ, ó gbé e sókè fún adájọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Lọ́yà náà ní, "Ẹ wò ó, Olúwa mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ló ń sọ fún gbogbo ayé pé ó mọ̀ wọ́n, pé ó ṣí géètì fún wọn, àti ìdí tó fi ṣí i." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adájọ́ ní kí wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé.

Ṣó o rí òkìkí tó ń dáàbò boni?

Mo lọ wò ó lẹ́yìn náà. Gíláàsì wà láàárín wa. Ó ní, "Oz, ta ni àwọn èèyàn yìí tí wọ́n ń pè mí ní tiwọn?" Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè kí wọ́n tó gbé ojú rẹ̀ wọ̀ sọ́rùn. Wọ́n fẹ́ ṣojú wa, wọ́n ò bi wá léèrè ohun tí à ń wá. Wọ́n fẹ́ dárúkọ wa, wọ́n ò tẹ́tí gbọ́ bí orúkọ náà ṣe ń jẹ́. Ó kó mi nírìíra, Janelle. Ilé-iṣẹ́ yẹn fi wa ṣe àkìtàn, àwọn tìrẹ fi wa ṣe àwòrán. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó rí wa bí èèyàn. Ìwọ tó o tún wá wọ ẹ̀wù náà lọ ta búrẹ́dì! Àfi bí ẹni tí wọ́n gbá létí, tó tún ń dúpẹ́ pé ọwọ́ náà rọ̀.

Gbọ́ ohun tí à ń fẹ́. Kí wọ́n yọ pósítà yẹn kúrò níbi gbogbo. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọ̀kan nínú àwọn tó wọlé lọ́jọ́ náà wá dúró níwájú adájọ́, kó búra, kó sọ òótọ́: "Bàbá yìí ò mọ nǹkan kan. A tàn án ni." Lọ́yà wa, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wa wá, ní tí ẹnì kan bá lè sọ ìyẹn, ẹjọ́ ìjọba á wó lulẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ ti fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ òfin kan náà. Ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ìrànwọ́ nìyẹn.

Ìwọ ní tìrẹ, o ò gbọ́dọ̀ wá. Wọ́n ń wá ẹni tó so Alcide pọ̀ mọ́ àwọn ará Portland. Tí wọ́n bá fi ọ́ jókòó tì í nínú àga olùjẹ́jọ́ yẹn, ẹ wá sin mí ni.

Ìyá rẹ


Saint Odile
12 Oṣù Kejìlá

Janelle,

Ṣé ilé ìfìwéránṣẹ́ Portland ti jóná ni? N ò gbọ́ nǹkan kan.

Parrain rẹ ti rù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, bó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fún un. Ó ti dẹ́kun bíbéèrè ìgbà tóun máa wálé, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀ ni ẹjọ́. Bí èsì wọn bá jẹ́ rárá, kọ rárá. Mo lè gbé rárá mì. Ìdákẹ́ àwọn ọmọlúwàbí yìí ló ń rùn sí mi.

Ozelia


Portland
19 Oṣù Kejìlá

Mama mi,

Ẹ má bínú. Ojú ló ń tì mí, n ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sípàdé. Brenna di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Janelle, ọ̀rọ̀ Alcide ń dùn wá wọra. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú wa bá lọ sẹ́wọ̀n nísinsìnyí, iṣẹ́ máa dúró. Ìpàdé ńlá ti ìgbà ìrúwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà wa sì ní ká má la ẹnu."

Mo ní, "Arúgbó ló wà níbẹ̀ dípò yín."

Ó ní, "Mo mọ̀. Àmọ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ìjà ti àwọ̀ yẹn, ìjà mìíràn ni. Tá a bá di gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọkọ̀ á rì."

Mo bi í pé, "Àwọn wo lẹ dè mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà?" Ó ní wọ́n á gbé ìwé jáde fún gbogbo ayé pé àwọn dúró tì wá. Mama, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ lórí fọ́tò tí wọ́n máa fi sí orí ìwé náà. Ẹnì kan fẹ́ ibojì, ẹnì kan fẹ́ táǹkì. Ẹnì kan ní ibojì ló máa "fọwọ́ tọ́ ọkàn" jù. Wọ́n ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́. Mo rántí pé ojú Parrain ló wà láyà mi. Mo bọ́ ẹ̀wù náà níwájú gbogbo wọn, mo gbé e sórí tábìlì, mo wọ kóòtù lé síńgílẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹsẹ̀ rìn nínú òjò délé. N ò padà síbẹ̀ mọ́. Pósítà tó wà lára ògiri lójú ọ̀nà, gbogbo èyí tí ọwọ́ mi tó ni mo ya.

Ọjọ́ kẹta, Wesley wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó dúró lórí ìlà bí oníbàárà, ó dé iwájú mi, kò sì ra nǹkan kan. Ó ní, "Èmi ni mo dùbúlẹ̀ lórí ibojì bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀dà náà tutù, mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Mo ṣì dùbúlẹ̀, torí pé fèrè ti dún." Àwọn èèyàn ti ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Kí ni ìyá rẹ ń fẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀rí ẹnu rẹ, ní kọ́ọ̀tù."

"Ọdún márùn-ún?"

"Ọdún márùn-ún."

Ó di etí tábìlì mú, ojú rẹ̀ funfun ju ìyẹ̀fun lọ. Ó wá ní òun á lọ. Kò ní gbé kámẹ́rà wá, kò sì ní sọ fún Brenna. Ẹ má fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ ẹ ò bá fẹ́. Ẹ kàn lò ó.

Janelle yín


Saint Odile
15 Oṣù Kìíní, 2022

Janelle mi,

Mo kí ọ. Lónìí, mo kí ọ dáadáa. Parrain rẹ wà nílé. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kó o lè mí, kó o tó ka ìyókù.

Ọjọ́ Ajé ni Wesley dé. Ó dúró lábẹ́ ìloro mi pẹ̀lú báàgì kékeré kan, ó ní, "Mà, èmi ni…" Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́. Lójú oorun mi ni mo ti ń rí ọ." Mo bu ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì fún un, torí pé ẹ̀wà la máa ń sè ní ọjọ́ Ajé, n kì í sì í fi ebi pa ajá pàápàá. N ò bá a ṣeré. Ó fọ abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sùn sórí sófà. Mo gbọ́ ọ lóru, ó ń yí kiri bí ẹja nínú agbọ̀n.

Ní kọ́ọ̀tù, ó búra. Ó ní àwọn tan Bàbá Alcide. Ó ní bàbá náà ò bi àwọn ní ìbéèrè kankan torí pé àṣà wọn ni, àwọn sì mọ̀ pé àṣà wọn ni, ìyẹn gan-an làwọn fi wọlé. Lọ́yà wa ní, "Báwo ni irin tí wọ́n fi gé wáyà ṣe dé inú ìtẹ́ òkú?" Ó wá ní, "Inú òdòdó mi ni mo gbé e sí. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan bí òdòdó náà ṣe yẹ kó tóbi tó." Janelle, ara mi bù máṣọ. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti béèrè. O ní kí n lò ó; ó ti lò ọ́ kí n tó lò ó.

Lọ́yà ìjọba àti adájọ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní ìjọba ti fa ọwọ́ kúrò nínú ẹjọ́ Alcide. Mísì Leontine ké, "A dúpẹ́, Jésù!" wọ́n ní kó jókòó. Ó wá kan Wesley. Ẹni tó gbé irin wọlé, ẹni tó jẹ́wọ́ fẹ́nu ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò ní purọ́, mo ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo ń retí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ́kùnrin, ó gba ìgboyà kéèyàn tó lè ṣe ohun tó o ṣe yìí. Ó hàn pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa." Ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni, ó ní ọmọ òun náà fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Lọ́yà ìjọba ní àwọn ti gbà kó jẹ́bi ẹ̀sùn kékeré kan. Kó lọ ṣa ìdọ̀tí lẹ́bàá títì nílùú rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó má sì tún wọ inú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ó tán. Òfin kan náà, géètì kan náà, ọjọ́ kan náà.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn. Parrain rẹ ṣì wà lórí ìdúró nínú aṣọ ẹlẹ́wọ̀n, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, torí ẹni tó máa tú u ti lọ jẹun. Ó dúró bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bọ Wesley lọ́wọ́.

Lóde, Wesley fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. "Mà, n ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí."

Mo ní, "Àwa mọ̀."

Parrain rẹ kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Etí sítóòfù ló ń jókòó sí. Àná ló la ẹnu, ó ní, "Oz, ohun tí wọ́n fẹ́ fi pa mí yẹn, ṣé bó ṣe fúyẹ́ nìyẹn lọ́rùn ẹlòmíràn?" Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé. Iná páìpù yẹn ń jó lọ ní tirẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ti pààrọ̀ àgádágodo. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa wọlé mọ́, ìbáà ṣe Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Ní oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ fẹ́ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì, àwa náà sì máa lọ dúró lẹ́nu géètì ìtẹ́ òkú yẹn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì wa. Torí náà, bá mi wá Wesley, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú tì nínú wọn. Sọ fún wọn pé mo ti wá mọ ìwúlò wọn. N ò fẹ́ ẹkún, n ò fẹ́ ẹ̀wù, n ò fẹ́ ìwé pé wọ́n dúró tì wá. Kí wọ́n dúró síwájú wa, láàárín àwa àti ọlọ́pàá, níbi tí a bá ní kí wọ́n dúró sí, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Tí ọlọ́pàá bá béèrè pé ta ló ṣí géètì, kí wọ́n ní àwọn ni. Ẹrù tó ń ṣẹ́ wa lẹ́yìn, fìlà lásán ni lórí wọn. Kí wọ́n wá dé e.

Ìyá rẹ,
Ozelia